Ẹ Má Kí Mi Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jẹun, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ mi ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, nítorí pé àwọn ò tíì rí ẹlòmíràn tó ṣe irú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń gbọ́ omi. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo ń jí ní ìdájí, mo ń gbé irin gígùn kan dání, mo sì ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ ìlú Àkúrẹ́, nígbà mìíràn ti Oǹdó.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ mi lára. Ọjọ́ tí mo lọ fi ara han bàbá ìyàwó mi, ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní, "Mò ń gbọ́ omi, sà." Bàbá náà wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún mi mu ná, ó jọ pé oòrùn ọ̀nà ti pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Omi ẹ̀rọ tó ń wọ ilé wa, inú páìpù lábẹ́ títì ló ń gbà. Bí páìpù bá bẹ́ nísàlẹ̀, omi náà kì í fìgbà gbogbo yọ sókè kí gbogbo ayé rí i. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó máa jẹ ilẹ̀ lábẹ́ ilé lọ, kí onílé má mọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti ń jò láìjẹ́ pé a hú gbogbo títì. Ìdájí la máa ń wá a, láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sí mọ́tò nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń pọn omi, omi á wá lágbára nínú páìpù, ibi tó bá ti ń jò á máa kùn. O máa fi ìdí irin kan ilẹ̀, o máa fi orí rẹ̀ kan etí. Bí ó bá sún mọ́ ọ, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá da àlùbọ́sà sínú epo gbígbóná ní ilé kejì.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Mo parí ìwé ní Oǹdó níbi tí wọ́n bí mi sí, àbúrò ìyá mi tó wà ní Àkúrẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin síbi iṣẹ́ omi, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò pọ̀, àmọ́ ebi ò pa mí, mo sì rán ọmọ mẹ́rin níwèé.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Olúwọlé, ará Ìjù. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ó sì le bí ẹ̀kùrọ́. Kò sí ìgbà tí mo rí i kó sáré, kò sì sí ìgbà tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Yorùbá inú ìwé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí Oǹdó lèmi ń sọ ní tèmi. Ìgbà tí inú bá ń bí i nìkan ni ẹnu àwọn ará Àkúrẹ́ máa ń yọ, kí ilé di ulé, kí iṣẹ́ di uṣẹ́. Tí mo bá ti gbọ́ "uṣẹ́" báyìí, mo ti mọ̀ pé mo wọ gàù.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin. Á mú mi lọ sí Ọjà Ọba ní ìdájí, á ní kí n jókòó sórí àtẹ òfìfo kan, kí n dijú. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Kí lo gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Ṣé o gbàgbé etí rẹ sí ulé ni? Uṣẹ́ etí nìyí, Akíndélé, kì í ṣe uṣẹ́ ẹnu. Tún gbọ́."

Mo bínú sí i gan-an nígbà náà. Mo rò pé ìyà lásán ló fi ń jẹ mí. Àmọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, etí mi ṣí. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ ní iwájú ilé kan, mo sì mọ̀ pé arúgbó ló ń gbálẹ̀ náà, nítorí ó ń sinmi lẹ́yìn ìgbálẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Mo gbọ́ ìrì tó ń kán láti orí páànù àwọn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn náà agogo ìjọ kan, lẹ́yìn náà ewúrẹ́ kan tó wúkọ́ bí èèyàn. Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá tán, ó ní, "Ewúrẹ́ méjì ni."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá rí, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìdájí Àkúrẹ́. Nígbà ọyẹ́, irin á tutù débi pé bí mo bá fi kan etí, gbogbo eyín mi á jí. Ìkùukùu á bo òkè àpáta tó yí ìlú ká, iná ojú títì á rí bàìbàì. N óò máa rìn ní àárín títì gan-an, níbi tí mọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn gbé ẹsẹ̀ sí ní ọ̀sán, bí ẹni tó ni ìlú. Nínú irin yẹn, mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ jí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ṣí ẹ̀rọ nínú ilé rẹ̀, omi inú páìpù á mí kanlẹ̀. Obìnrin kan wà ní Arákàlẹ̀ tó jẹ́ pé aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń ṣí tirẹ̀, kò yẹ̀ rárá. N ò rí i sójú rí, àmọ́ ọjọ́ tí kò ṣí i, ọkàn mi ò balẹ̀ títí tí mo fi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì.

Bàbá arúgbó kan sì wà ní Ìsìkàn tó máa ń gbàdúrà lójú fèrèsé, tó ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́jọ ni. Orí ọmọ karùn-ún ló máa ń pẹ́ sí jù. Mo fẹ́ sọ fún Ọ̀gá lọ́jọ́ kan pé ó jọ pé ọmọ karùn-ún yẹn ń fa wàhálà, ó wò mí títí mo fi kéré lójú ara mi. Ó ní ohun tí etí bá gbọ́ ní ìdájí, kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ní ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ sínú láìsọ.

Bí iṣẹ́ bá parí, Ọ̀gá á ra búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, á fà á ya sí méjì, á fún mi ní èyí tó tóbi. A óò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ooru búrẹ́dì á máa mú ọwọ́ wa gbóná, a óò máa wo bí ìlú ṣe ń jáde sí wa, ọlọ́kadà àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó ru ẹ̀fọ́ bọ̀ láti Ìjù. 

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le ni ti ìkíni. Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá fi lélẹ̀ tí kò yí padà, pé etí tó bá wà lórí irin kì í kí èèyàn. Bí ọba bá ń kọjá, o ò gbọ́dọ̀ gbé etí. Ìdí rẹ̀ ni pé omi máa ń kùn ní ibi púpọ̀, ìyàtọ̀ àárín ibi tó ń jò gan-an àti ibi tó kàn ń dún lásán kò ju bí irun orí lọ. Bí o bá gbé etí, o ti sọ ọ́ nù. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ ronú wò. Ọmọ Yorùbá ni mí. Àgbàlagbà á jáde ní òwúrọ̀ kùtù, á bá géńdé tó dorí kodò nídìí irin, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," géńdé náà ò ní dáhùn. Ọ̀gá máa ń na ọwọ́ òsì sókè lásán ni, kò ní gbójú. Wọ́n bú wa tó. Ìyá kan ní Òkè Àró ní àwọn ìyá wa ò bí wa ire. Òmíràn da omi tó fi fọ abọ́ sí wa lẹ́sẹ̀. Ojú a máa tì mí débi pé mo máa ń gba àdúrà kí ẹnikẹ́ni má jáde.

Ní ọdún kẹta, wọ́n ní omi ń sọnù ní àdúgbò kan ní Oǹdó. Ibà dá Ọ̀gá dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí èmi nìkan lọ. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Oǹdó, ilé mi! Àdúgbò tí mo ti sáré ní ìhòòhò nígbà tí mo wà lọ́mọdé!

Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ̀gbẹ́ ilé aránṣọ kan ni, obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Fẹ́mi. Mo gbọ́ ìkùn náà, ó ń súnmọ́, ó ń mú sí i. Ó kù bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ̀pá lẹ́yìn mi, mo sì mọ ẹni tó ni ín. Bàbá Akínṣọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá mi kú, òun ló rán mi níwèé.

"Akin," ó pè mí. "Akíndélé, ṣé ìwọ nìyí?"

Mo kọ́kọ́ na ọwọ́ òsì sókè bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ó tún pè mí. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé bí n ò bá dá a lóhùn, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn gbogbo ẹbí ni yóò gbọ́ pé Àkúrẹ́ ti ba Akin jẹ́. Mo gbé irin sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú àtijọ́."

Inú bàbá dùn. Ó bi mí léèrè ara mi, ó bi mí léèrè iṣẹ́, àbúrò ìyá mi, bí oúnjẹ Àkúrẹ́ ṣe rí, àti ìgbà tí mo máa mú ìyàwó wálé. Ó súre fún mi. Nígbà tí ó fi máa lọ, ojú ọ̀run ti ń funfun, wọ́n ti ń ṣí ẹ̀rọ káàkiri, páìpù ti ń pariwo. Mo gbé irin padà. Mo gbọ́ ìkùn kan, àmọ́ ọkàn mi mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ti tẹ́lẹ̀. Ìgbéraga ọ̀dọ́ kò jẹ́ kí n sọ pé kí a dúró di ọ̀la. Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí oríta, níbi tí páìpù méjì ti pàdé. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bá. Mo ní kí wọ́n tún gbẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n dí i padà, wọ́n ní ó jọ pé kò sí ibi tó ń jò níbẹ̀ rárá, èmi náà sì dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ògiri yàrá iwájú Màmá Fẹ́mi wó. Ó ti jí láti rán aṣọ iléèwé àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ló gba púpọ̀ nínú ògiri, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán. Mo wà lára àwọn tó gbé e jáde. Omi ti sọ ìpìlẹ̀ ilé náà di ẹ̀kọ. Ó di apá mi mú, ó ń bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wá gbọ́ ọ nílẹ̀ níjọ́sí?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dún sí mi létí títí dòní.

Ọ̀gá Olúwọlé dé láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ibà ò tíì fi í sílẹ̀ tán. Àwọn èèyàn ti pé sí àgbàlá Bàbá Akínṣọlá. Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru àwọn tó gbẹ́lẹ̀, àwọn kan ní páìpù ló gbó. Ì bá ti rọrùn fún mi láti bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ò tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni, èmi ló dojú kọ.

"Níbo ni etí rẹ wà nígbà tí o fi ọ̀dà síbẹ̀?"

 Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì máa dójú ti bàbá tó tọ́ mi níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo tún rí Màmá Fẹ́mi lọ́kàn mi, bó ṣe di apá mi mú.

"Mo gbé etí, sà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, mo gbé etí láti kí bàbá mi. Nígbà tí mo padà, n ò rí i mọ́. Mo kàn sàmì ni."

 Bàbá Akínṣọlá ló dìde. Mo rò pé ọ̀pá ló máa fi nà mí. Ó gbé ọ̀pá náà sílẹ̀.

"Àṣé ìdọ̀bálẹ̀ tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ obìnrin yìí ni mo fi gbà á. Wọ́n máa ń sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà. Mo ti ń sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, n ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á mọ́." Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ má lé ọmọ yìí. Ìgbà wo lẹ tún fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Bí ẹ ṣe dé àgbàlá yìí nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ ti kí wa nìyẹn. Bí ẹ bá ti wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ti san ti òwúrọ̀. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mi."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo jáde, mo sì rí ohun tí n kò lè gbàgbé. Bàbá Akínṣọlá dúró lẹ́nu àdúgbò, ó fi ìka kan ẹnu. Ẹni tó bá ń bọ̀, á fi ọ̀pá dá a padà. Àwọn àgbààgbà tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn pẹ̀lú aṣọ ìbora léjìká, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Obìnrin kan di ẹnu ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, kò gba irin lọ́wọ́ mi. Mo kọjá níwájú gbogbo wọn láìkí ẹnì kankan, omi ń bọ́ lójú mi. Mo gbé irin kalẹ̀, mo gbọ́ ọ. Abẹ́ igun ògiri tó wó ni, ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán omi ti tú sí mi lójú.

Ẹbí wa ló tún yàrá náà kọ́, èmi ni mo po gbogbo sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá Fẹ́mi san, àmọ́ títí ó fi kú ló ń tiro díẹ̀. Ó bínú sí mi fún ọdún kan gbáko, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan ló ránṣẹ́ pè mí, ó ju fìlà abetí-ajá kan sí mi láyà, aṣọ òkè tó nípọn.

"Fa etí kan sókè fún irin, kí o fa èkejì wálẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kí ọ. Ẹni tí mo bá tún gbọ́ pé ilé rẹ̀ wó, ẹsẹ̀ tìrẹ ni mo máa kán."

Fìlà náà la fi ń dá mi mọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá àti èmi á lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò tí a máa gbọ́ lọ́jọ́ kejì. A óò dọ̀bálẹ̀, a óò kí wọn kú ilé, a óò ní, "Ìkíni àárọ̀ ọ̀la la kó wá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wa kí ilẹ̀ tó mọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún wa ní àga. Bí wọ́n bá wá rí fìlà abetí-ajá ní ìdájí, wọ́n á yọ́ kọjá. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ kò dùn kí èèyàn jẹ́ ẹni tó jìn sí i.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, kò pẹ́ ó kú, wọ́n fún mi ní irin rẹ̀. Ayé wá ń yí. Wọ́n kó páìpù rọ́bà dé, ìyẹn kì í gbé ohùn bí irin. Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo láti aago mẹ́rin, ṣọ́ọ̀ṣì sì gbé gbohùngbohùn síta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ẹ̀rọ ìgbọ́mi dé láti òkè òkun, a máa gbé e kọ́rùn, a máa fi nǹkan bo etí méjèèjì. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ní ta ló máa ń fi ràdíò wá omi. Ìgbà tí mo wá ibi tí páìpù kan ti ń jò fún ọjọ́ mẹ́ta ní Àlágbàká tí n kò rí i, ọ̀dọ́ kan gbé ẹ̀rọ náà dé, ó rí i láàárín wákàtí kan. Ó dùn mí, n ò ní parọ́. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá ọmọ náà, mo ní kó kọ́ mi, mo sì lò ó dáadáa títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ náà ò kí àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti dé, kí ni ìkíni fẹ́ ṣe.

Ní báyìí, etí ọ̀tún mi, èyí tó kan irin jù, ti ń kú lọ. Ewúrẹ́ méjì ti di ìdajì ewúrẹ́. Síbẹ̀ mo ṣì ń jí ní ìdájí, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé mi ní Àkúrẹ́, kí n lè rí ohun tí n kò lè gbọ́ mọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo rí i pé ẹsẹ̀ ògiri ilé tó dojú kọ tiwa ń rin. Ilé Tíṣà ni, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìkàrẹ́, èèyàn dáadáa tí ọ̀rọ̀ ìtọ́ni kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé irin Ọ̀gá síbẹ̀, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́, wọ́n ní àwọn máa rán ẹnì kan wá.

Ọmọbìnrin ni wọ́n rán, Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó dé ní ìdájí, ó gbé ẹ̀rọ kọ́rùn, ó dijú. Bó ṣe dijú yẹn ni mo fi mọ̀ pé ó mọṣẹ́. Ó ń súnmọ́ igun ògiri ní díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ni Tíṣà ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ o."

Kò dáhùn.

"Mo ní ẹ káàárọ̀! Ọmọ ta nìyí? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? O dúró níwájú ilé mi, o ò lè kí mi?"

Ọmọ náà lajú, ó rí àgbàlagbà tó ń bínú, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ohun tó fi bo etí, orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. Mo rí ara mi lórí títì Oǹdó. Mo rí ẹsẹ̀ Màmá Fẹ́mi. N kò mọ ìgbà tí mo fò dìde.

"Má kúnlẹ̀! Má gbé etí! Tíṣà, ẹ dákẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ilé yín ló ń gbọ́!"

Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń gbé, n kò pariwo mọ́ Tíṣà rí. Ó sún padà sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà dijú padà, ó tẹ̀ síwájú ìgbésẹ̀ méjì, ó fi ọ̀dà sàmì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ, omi wà níbẹ̀, ihò ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ náà sì gba àgbà èèyàn. Tíṣà wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, mo sọ ìtàn tí mo sọ fún yín yìí fún un. Bùkọ́lá dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́, ó sì bi mí pé kí ni àwọn tó wà ní àdúgbò máa ń sọ bí a bá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́. Mo fi fìlà náà hàn án. Ó dé e wò, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi.

Ó kù kí wọ́n gbọ́ ìyókù títì wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo rí i lẹ́nu àdúgbò, kò gbé ẹ̀rọ dání. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ló ti pẹ́ jù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Bàbá, ìkíni àárọ̀ ọ̀la ni mo kó wá o."

Ní ìdájí, Tíṣà ti wà lórí bẹ́ǹṣì mi kí n tó jáde. Ó fi aṣọ ìbora bo orí, ó pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Ìkùukùu bo títì. Ọmọ náà yọ nínú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ kọ́rùn, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní díẹ̀díẹ̀. Ó dé iwájú wa, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó kọjá lọ, kò kí wa.